Lẹ́tà Tó Wà Nínú Sáfà

Oníbúrẹ́dì wọlé, ìyẹ̀fun nínú irun, búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá. Ọkàn Oníwáyà, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn.

"O tún ti dé," ni ó wí, ó ń díbọ́n bí ẹni tó ń yẹ wáyà wò.

"Mo dé o. Ṣé ayé wa ti jí?"

Ayé wọn ni géèmù kan tí àwọn méjèèjì jọ máa ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Ọmọge Onídà ni Oníwáyà níbẹ̀; Oníbúrẹ́dì sì ni Ẹlẹ́ṣin Funfun. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà pa sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé e ró, Ẹlẹ́ṣin kọ lẹ́tà sí i nínú eré. Odindi ọjọ́ kan ni lẹ́tà ibẹ̀ sì máa ń lò lójú ọ̀nà. Kí tirẹ̀ tó dé, ayé ti parẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni Oníwáyà fi wá géèmù náà kiri. Ìkéde tó ń kọ káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì ló mú Oníbúrẹ́dì yọjú. Ìkéde yìí kan náà ló mú òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan ní ilé iṣẹ́ náà jáde, tó fún un ní díìsìkì tí wọ́n kó gbogbo inú sáfà sí lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bẹ̀ tó mú kí Oníbúrẹ́dì sọ ohun tó kọ sínú lẹ́tà náà.

"Bí o bá fẹ́ mọ̀," a máa rẹ́rìn-ín, "jí ayé náà dìde."

Lónìí, ayé jí! Òkè àti odò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Oníwáyà fò mọ́ Àǹtí rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù, àga dojú dé.

"Má fọ́ mi léegun o! Géèmù lo rí, kì í ṣe ọkọ," ni Àǹtí wí, ojú rẹ̀ sì wà lára Oníbúrẹ́dì.

Àpótí lẹ́tà kọ ọ́ pé: *Lẹ́tà kan ń bọ̀ lọ́nà.* Ta ló fẹ́ dúró di ọ̀la? Oníwáyà sáré yí aago sáfà, tó ṣì wà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bọ́ sí ọjọ́ òní.

*Lẹ́tà tí a kò kà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ti jóná.*

"Yéè! Mo ti fọwọ́ ara mi ṣera mi!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Dákẹ́ jàre," ni Àǹtí wí. "Ṣebí ìwọ lo ń fi òfin dà wá láàmú níbí pé a kì í fọwọ́ kan ojúlówó, ẹ̀dà la fi ń ṣiṣẹ́?"

Oníwáyà wo orí tábìlì. Díìsìkì ojúlówó jókòó jẹ́ẹ́ nínú páálí rẹ̀. Tẹkún tẹ̀rín ló fi ṣe ẹ̀dà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ kan péré ló fi sún aago síwájú.

Lẹ́tà dé.

*Ọmọge Onídà, o ò tíì dá ẹṣin tí mo yá ọ padà. Ibi yòówù kí o wà, màá máa wá lójoojúmọ́ títí o fi máa dá a padà.*

"Ẹṣin?" Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Nítorí ẹṣin tí kò lè jẹ koríko ni gbogbo ariwo yìí?"

Ṣùgbọ́n Oníwáyà ti yíjú sí búrẹ́dì orí tábìlì. Ti òní. Ti àná náà wà, àti ti ìjẹta. Láti oṣù mẹ́ta, kò sí ọjọ́ kan tó pa jẹ.

"Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ń wá?"

Oníbúrẹ́dì ń gbọn ìyẹ̀fun tí kò sí lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tààrà nígbà yẹn. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n báyìí náà."

Oníwáyà jókòó, ó fi ẹ̀yìn bo kọ̀ǹpútà, ó tẹ èsì, ó fi ránṣẹ́.

"Kí lo kọ?"

"Ó ti wà lójú ọ̀nà."

"Jọ̀ọ́, sún aago náà!"

"Èmi? Kí n tún fọwọ́ kan aago? Ojú mi ti rí. Wá lọ́la."

Oníbúrẹ́dì fi ẹ̀yìn rìn jáde, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó forí gbá ilẹ̀kùn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn.

Àǹtí, tó ti yọjú wo èsì náà láti ẹ̀yìn, nahùn tẹ̀ lé e: "Búrẹ́dì méjì ni kó o mú bọ̀ lọ́la o, àna mi!"