Àkàrà Táyé ní Kútọnu

Èmi Kẹ́hìndé kì í ṣe ẹni tí fótò ń bà lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orí mi dàrú. Aránṣọ ni mí ní Kétu, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe dé ẹnu mi ni mo ń sọ ọ́, gbogbo ọjà ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni èmi àti Táyé, ìkejì mi, nígbà tí èéyí pa á. Ìyá wa fẹ́ gbẹ́ ère ìbejì, bàbá wa ní onígbàgbọ́ kì í gbé igi sílé. Ni wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ayafótò. Ó ya fótò mi nínú aṣọ mi, ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó wọ aṣọ Táyé fún mi, èyí tó ní òdòdó láyà, ó tún ya òmíràn. Ó wá lẹ méjèèjì pọ̀, èmi lápá òsì, Táyé lápá ọ̀tún. Bí Táyé ṣe padà wọlé nìyẹn. Wọ́n fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri, iwájú rẹ̀ sì ni ìyá mi ń gbé oúnjẹ sí láràárọ̀. Àkàrà kan, ìdajì fún un, ìdajì fún mi, tirẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bù. Tirẹ̀ a wà níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ogún ọdún ni mo fi jẹ ìdajì àkàrà.

Ní ọdún karùn-ún tí Dàhòmè gba òmìnira, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Barnabé wá bá wa láti Pọ̀bẹ́. Ó ní wọ́n ti ṣí ilé ńlá kan sí Kútọnu tí wọ́n ń pè ní múséè, tí àwọn èèyàn ti ń wo iṣẹ́ ọnà ayé òde-òní. Ó ní kí ìyá mi yá wọn ní fótò náà fún oṣù mẹ́ta. Ìyá mi kọ̀. Èmi ni mo rọ̀ wọ́n. Mo ní Táyé á di ẹni ńlá, pé àwọn mínísítà á máa wá wò ó. Irọ́ ni mo ń pa. Mo fẹ́ kó kúrò nílé ni.

Oṣù mẹ́ta kọjá, fótò ò dé. Ìyá mi ò jẹun mọ́. Wọ́n ní ẹnu àwọn ò ní máa mì kí ebi máa pa ọmọ àwọn níta. Mo jágbe, mo bẹ̀bẹ̀, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná kan ètè wọn, wọ́n pa eyín dé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, wọn ò lè dìde lórí ẹní. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Lọ mú un wá. Bí wọn ò bá fún ọ, fún un lóúnjẹ níbẹ̀. Tó bá ti jẹ, èmi náà á jẹ."

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo lé Táyé jáde, ó ń fa ìyá mi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Mo dín àkàrà méjì, mo wé e séwé, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù ìdájí tó gba Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnu.

Ilé náà funfun, ó sì dákẹ́ jù. Mo kọjá lára àwọn àwòrán tí èèyàn ò lè sọ pé ibí ni orí, ibí ni ẹsẹ̀. Ní ìparí yàrá ńlá ni mo ti rí ara mi. Wọ́n ti sọ fótò náà di gàgàrà, wọ́n gbé e kọ́ sókè lábẹ́ àjà. Bí mo bá yà sósì, àwọn ọmọ náà ń wò mí. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń wò mí.

Madame Thérèse, olórí ibẹ̀, fi Faransé, tí mo gbọ́ díẹ̀, sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé fótò kékeré wà ní ilẹ̀ Faransé níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá, pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá mi ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́, ó ń sọ ọdún tó ń bọ̀ fún mi! Mo fi Nàgó, èdè wa, bú u, kò gbọ́, ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Ó lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo tú ewé, mo gbé àkàrà méjèèjì sílẹ̀. Sùlè, ará Àjàṣẹ́ tó ń ṣọ́ yàrá náà, ní wọn kì í gbé oúnjẹ wọ ibẹ̀, òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó ní òun fẹ́ lọ kírun, ká jọ jáde, òun á ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tí a bá padà wọlé, kí n kó ẹrù mi. Ìṣojú mi ló ti kírun, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní.

Nígbà tí a wọlé, àkàrà méjèèjì wà níbi tí mo gbé wọn sí, àmọ́ ọ̀kan ti gbẹ, ó funfun bí ẹni pé kò kan epo rí. Sùlè wòkè. Epo pupa wà lẹ́nu ọmọ kan nínú fótò, ó tutù, ó ṣàn dé àgbọ̀n. Ó kọjú ìjà sí mi pé mo ti ba àwòrán ìjọba jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo bí àwòrán náà ti ga tó, ó wo èmi, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ò sá. Mo fẹ́ rí ẹnu Táyé dáadáa, kí n lè ròyìn fún ìyá mi. Mo wo ọmọ tó wọ aṣọ olódòdó. Ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú. Ọmọ apá òsì ni epo wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tó wọ aṣọ tèmi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún rí láti ọjọ́ tí Táyé ti kú.

Mo kó àkàrà náà padà sínú ewé. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń rán irọ́ pọ̀. Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí bóyá ó jẹ, irọ́ náà kọ̀, kò jáde. Mo ní ẹnu Táyé gbẹ, ẹnu tèmi ni epo wà.

Ìṣó ara ògiri ni wọ́n ń wò.

"Ebi kì í pa òkú," ni wọ́n wí. "Alààyè ni mo fi ebi pa."

Wọ́n na ọwọ́ sínú ewé, wọ́n mú àkàrà tó ṣì lépo lára. Wọn ò bù ú sí méjì. Odidi rẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ń wò mí lẹ́nu títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kọ wá fún àwọn.