Ohùn Bàbá Nínú Àpótí Báàsì

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn bàbá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, tó ń pa ìtàn fáwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ohùn náà sì ń kùn bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn jẹun! Nílé ìyá mi!

Màmá mi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àpótí báàsì, sípíkà ńlá tó wà nílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ yí bọ́tìnnì tó ń pín ìró yìí dé ọgọ́fà?"

"Èmi ni. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ọgọ́rin ló yẹ kó wà. Ìró ìlù ni àpótí yìí wà fún. Tẹ́ ẹ bá yí i sókè jù, ohùn èèyàn á kó síbẹ̀."

N ò dúró gbọ́ èsì, mo yí i wálẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ohùn bàbá mi fi àpótí sílẹ̀, ó bọ́ sínú àwọn sípíkà kéékèèké tó wà lára ògiri, ó mọ́ gaara.

"Ṣé ẹ wá ń gbọ́ ọ dáadáa báyìí?"

Màmá mi ò wo ògiri. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí náà, kò sí ohun tó ń kùn níbẹ̀ mọ́, ó sì gbé e kúrò.

"Ọmọ mi, bí bàbá rẹ ṣe máa ń kùn sí ẹ̀yìn mi tá a bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́ nìyẹn. Ẹ ti gbé e jáde nílé yìí lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ sin ín. Ìwọ tún ti gbé e jáde."