Màmá Mi Lórí Àkàbà

Ìyá Ṣadé, jókòó ná, kí n tó gbàgbé. Mo lálàá pé mo wà ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, mò ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Apẹ̀rẹ̀ gidi ni wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè, ó sì nídìí, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ inú ẹ̀, kì í jáde mọ́, àfi kí ẹnì kan gun àkàbà lọ mú un. Màmá mi ni. Màmá mi tó ti kú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi etí ìró wọn nu bọ́ọ̀lù náà kí wọ́n tó nà án sí mi.

Ṣé màá wá gbà á lóòró ni? Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmá." Kí n tó dìde, àwọn tí a jọ ń figagbága ti gbé bọ́ọ̀lù sá lọ. Kóòṣì wa, òyìnbó kan, ń pariwo, "Dìde jọ̀ọ́! A ti fẹ́ pàdánù!"

Mo di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gbá bọ́ọ̀lù, à ń wọ reluwé láti ìlú dé ìlú, wáyà ni wọ́n fi yí pápá ká bí ilé adìẹ, Màmá sì ń gbé àkàbà tẹ̀lé mi. Orúnkún ń ro mí, mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo wa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àwa àti àwọn tí a jọ ń figagbága, la jọ ń dọ̀bálẹ̀, Kóòṣì náà ṣí fìlà.

Màmá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọpẹ́ rẹ."

Mo gbórí sókè kí n lè rí ojú wọn, sìmẹ́ńtì yàrá wa ni mo rí, ìwọ sì ń bi mí pé kí ni mò ń wá nílẹ̀.