Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Dìde Kí Agogo Ọ̀sán Tó Lù

Ó ti rẹ Màmá Alágogo, ọ̀gá àwọn aránṣọ. Ká má parọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé tó bá jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀, oorun ló máa ń gbé e lọ. Ọjọ́ márùn-ún, kò rígbẹ́ yà! Ó ti lo oògùn títí, ó ti jẹ ìbẹ́pẹ títí, pàbó ló já sí. Inú rẹ̀ le koko. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá ohun tó máa pa òun nìyí.

Lọ́sibítù, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ki ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ sí i nídìí, ó ní kó tì bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́.

"Họ́wù! Màmá, ẹ̀ ń tì í, ẹ tún ń sé ọ̀nà mọ́ ọn. Iṣan tó yẹ kó dẹ̀ ló ń fún pọ̀ yìí. Ṣé ẹ máa ń pa á mọ́ra ni tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín?"

"Ogún ọdún, dókítà." Ó tiẹ̀ fi ń yangàn! Ṣebí òun ló lẹ òfin mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde kí agogo ọ̀sán tó lù.

Wọ́n kọ́ ọ pé tó bá jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀, kó gbẹ́sẹ̀ lé àpótí, kó tẹ̀ síwájú, kó rọra mí sínú ikùn, kó má fipá ṣe é. Wọ́n fi bàlúùnù kékeré tí wọ́n rọ omi sí sí i nídìí pé kó máa tì í jáde, kí iṣan náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ̀. Ojú tì í, ó sú u, síbẹ̀ ó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ ní, "Àpótí lo tún gbé wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé o fẹ́ máa gbàlejò níbẹ̀ ni?"

"Tó bá ti gbọ̀n yín, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀," obìnrin tó ń tọ́jú iṣan náà kìlọ̀. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kàn ń fàkókò ṣòfò ni."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n nílé iṣẹ́, níwájú ogójì aránṣọ. Ó wo ìwé ara ògiri. Ìdí rẹ̀ ti fẹ́ máa fún pọ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dìde. Mọ́ṣíìnì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o?" ọ̀kan lára wọn bi í.

"Ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n mí," ó ní, ó sì jáde.

Nígbà tó padà dé, ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ojú rẹ̀ sì kún fómi. Ó ya ìwé náà kúrò lára ògiri. Aránṣọ tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀ nawọ́ sókè.

"Ọdún mọ́kànlá, Màmá. Èmi náà kì í rígbẹ́ yà. Mo rò pé bí ara mi ṣe rí nìyẹn ni."

Màmá Alágogo sún mọ́ ọn.

"Dìde, ọmọ mi. Máa lọ yàgbẹ́."

Ó jókòó sídìí mọ́ṣíìnì obìnrin náà, ó sì bá a rán apá ẹ̀wù tó kù.