Ọjọ́ Tí Mo Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Gbogbo Òṣìṣẹ́

Sáfà ọ́fíìsì wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì sọ ni pé ó ti rẹ òun. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bàbá Láwùyì, tí ó ń kọ orúkọ àwọn òkú, sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, ó sì bá a nu eruku orí rẹ̀. Sáfà dúpẹ́.

Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ni ibi iṣẹ́ wa. Sáfà yìí ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù ń jẹun lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a bá kọ ń gbé. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí olúkúlùkù ní àṣẹ tirẹ̀, kí akọ̀wé ikú má lè fọwọ́ kan ìwé ìbí, ṣùgbọ́n àṣà tiwa kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ni gbogbo wa ń lò, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo wa ń wọ ibi gbogbo. Àwọn kan ń kó àwòrán ọmọ wọn síbẹ̀, àwọn kan ń kó ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú síbẹ̀, nítorí pé ọ́fíìsì ní jẹnẹrétọ̀, ilé kò ní. Èmi náà ní ohun tí mo fi pamọ́ síbẹ̀. Ohùn ìyàwó mi ni.

Ìbídùnní ni orúkọ ìyàwó mi, òun sì ni akọ̀wé ìbí kí ó tó kú. Ní ọjọ́ kan tí mo ń dán ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wò, mo ní kí ó ka orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó kà á. Nígbà tí ó parí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlàmú, ó ti tó, pa á." Oríkì mi ni Àlàmú. Ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú. Èmi àti Ìbídùnní jọ kàwé ni, kò fi "ẹ̀yin" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Láti ọdún méjì tí ó ti kú, bí àwọn tó kù bá lọ jẹun ní agogo méjì ọ̀sán, mo máa ń ṣí ohùn náà, mo máa ń gbọ́ ọ títí dé ibi tí ó ti ń pè mí. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ń pè mí ní Àlàmú mọ́ láyé.

Bàbá Láwùyì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ìka rẹ̀ yọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì wọ́ odindi ọdún kan láti inú ìwé ìbí lọ sínú ìwé ikú. Kò mọ̀. Ó lọ fọ ọwọ́, ó jókòó ti mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Kí ó tó jẹ ẹ́ tán, àwọn tí a bí ní ọdún náà ti kún àgbàlá. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Wọ́n tò sórí ìlà, ara wọn balẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ má kánjú o. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ká máa lọ sílé ni, àbí ká máa lọ síbòmíì."

Nítorí pé àwọn tí ó wọ inú ìwé ikú lójijì pọ̀, àyè kò gba gbogbo wọn, àwọn òkú kan sì ní láti jáde. Bí Ìbídùnní ṣe padà síbi iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo yíjú, ó ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé rẹ̀ tí igunpá rẹ̀ ti já, ó ń kọ orúkọ. Ara rẹ̀ ti le. Inú mi dùn gan-an. Mo súnmọ́ ọn, mo na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Jẹ́ kí n parí èyí ná," ó wí. "Wọ́n pọ̀. Dúró dè mí."

Kò pe orúkọ mi. Mo sọ fún ara mi pé bí ó bá parí, yóò pè mí. Ẹni tó ti dúró fún ọdún méjì, ojú ìwé díẹ̀ kò lè pa á.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Fálówó, wọlé. Ó ti ga sí i, gèlè rẹ̀ ń họ àjà, ó sì mú ìwé kan lọ́wọ́ tí wọn kò kọ nǹkan kan sí. Ó kà á fún wa. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní ju àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè lọ nínú sáfà.

"Ọwọ́ èwe ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ó wí. "Kí kálukú mọ ibi tọ́wọ́ ẹ̀ mọ."

Bàbá Láwùyì ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ dákun, mà, wọn ò pa òwe yẹn láti fi dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Kí èwe lè bá àgbà tọwọ́ bọ kèrègbè, kí àgbà náà bá èwe gbé torí pẹpẹ, ìdí tí wọ́n fi ń pa á nìyẹn."

"Bàbá, ta ló kó odindi ọdún kan lọ bá àwọn òkú?"

Bàbá Láwùyì dé fìlà rẹ̀ padà.

Mo jókòó sídìí iṣẹ́ náà. Kò le. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré mẹ́ta ló wà: ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún kíkọ, ọ̀kan fún píparẹ́. Bí mo bá yọ àmì inú àpótí, àṣẹ náà kúrò lára onítọ̀hún. Mo yọ kíkọ kúrò lára Bàbá Láwùyì, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ká, wọn kò nà mọ́. Ó wò wọ́n. Ó fi ọwọ́ òsì bò wọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bo oúnjẹ kí eṣinṣin má baà bà lé e.

Táwákálítù, atẹ̀wé wa, sáré wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀ o. Mi ò ní òmíì nílé." Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, mo ní kò ní parẹ́. Mo gba píparẹ́ àti kíkọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá kíkà sí. Nígbà tí ó ṣí àwòrán náà, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ó pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò yíjú. Ó ní ẹ̀yìn wọn náà dára, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀. N kò dúró, nítorí mo fẹ́ tètè parí kí n lè lọ bá ìyàwó mi.

"Orúkọ ẹnì kan wà níbí tí kì í ṣiṣẹ́ níbí mọ́," sáfà wí.

Mo mọ ẹni náà. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, ọjọ́ kejì ló yẹ kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Mo ti yọ ti àwọn ẹlòmíràn. Ti Ìbídùnní ni mo fi sílẹ̀ fún ọdún méjì, bí ẹni tó ń gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹni tí kò sí nílé. Ìyáàfin Fálówó tẹ̀ wálẹ̀ láti àjà, ó dúró sí ẹ̀yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn wo Ìbídùnní. Ó ṣì ń kọ. Mo rò ó pé orúkọ lásán ni, pé òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí àga. Mo yọ orúkọ náà. Gègé rẹ̀ kò dúró. Mo fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjìji lásán ni mo ti ń bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kò tán. Bí mo bá ṣe ti ẹnì kan, ẹni méjì á hù sábẹ́ rẹ̀. Yàrá náà sì ń gùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn, tábìlì Ìbídùnní ti jìnnà sí i, títí tí àárín wa fi fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, koríko sì hù sí i. Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti rí i pé ó ti dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ bí ó bá parí. Mo kánjú.

Ìlà kan wà lókè pátápátá, orúkọ rẹ̀ ni Gbogbo Òṣìṣẹ́. Àpótí kẹrin wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ "Dènà wọn" sí, mo sì fi àmì sí i. Èrò mi ni pé kí n ti gbogbo ènìyàn síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n wá máa dá wọn padà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kejì. Mo gbàgbé pé òṣìṣẹ́ ni èmi náà. Nínú iṣẹ́ wa, níbi tí ìdènà bá ti pàdé àṣẹ, ìdènà ló ń borí. Bí ènìyàn bá ní ẹgbẹ̀rún àṣẹ, ìdènà kan ṣoṣo á pa gbogbo rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

"Ó dáa," sáfà wí. Àwọn iná ara rẹ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ gbogbo àwọn tó kù bọ́ sórí itan wọn. Ìyáàfin Fálówó kúrú padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ní báyìí, kò sẹ́ni tó máa lè bà á jẹ́ mọ́," ó wí, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo bi sáfà bóyá a rí ẹni tó lè ṣí i.

"Ẹni tó tì í, tàbí ẹni tí ìdènà kò mọ̀."

"Èmi ni mo tì í."

"Òṣìṣẹ́ ni ọ́," ó wí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo wá ohùn Ìbídùnní. Mo rí ibi tí ó wà, ó ti funfun bí ojú ògiri tí wọ́n ti yọ àwòrán kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀. Ẹkún gùn mí dé ọ̀fun, ó dúró síbẹ̀, nítorí n kò ní àṣẹ láti sun ún.

Mo rin pápá náà kọjá. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dé gègé rẹ̀, ó pa ìwé dé, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Mo mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń rí bí ó bá ń pe Àlàmú: ètè á pàdé lẹ́ẹ̀kan, á sì sú jọ síwájú. Mo rí i tí wọ́n pàdé, mo rí i tí wọ́n sú jọ. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ wà nínú ibi tí mo tì. Mo fẹ́ dáhùn, ìdènà náà ti dé ara èmi náà, ahọ́n mi kò gbéra. Mo fẹ́ juwọ́, ọwọ́ mi kò gòkè.

Ó tún pè mí. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ dín kù. Nígbà ayé rẹ̀, bí mo bá ń bínú sí i, báyìí ni mo ṣe máa ń dúró, tí n kò ní dáhùn. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣe é nígbà kan, lórí ọ̀rọ̀ tí n kò rántí mọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tí ó rò nìyẹn. Ó rò pé mo ń bínú sí òun nítorí pé òun kú.

Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa súwẹ́tà rẹ̀ bo àyà, ó jáde.

Òrùlé kò sí mọ́. Òjò ń rọ̀ sórí gbogbo wa, kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wa. Fìlà Bàbá Láwùyì gbẹ, ìwé òfìfo inú ọwọ́ ọ̀gá wa gbẹ. Àwọn tí wọ́n kún àgbàlá ti lọ, n kò mọ ibi tí wọ́n gbà. Ìbídùnní nìkan ni òjò ń pa. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, ìdènà náà kò mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ló lè padà wọlé kí ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ara ògiri yọ àmì kan ṣoṣo yẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un. Ó fọwọ́ kan gééètì, gééètì ṣí fún un. Kò bojú wẹ̀yìn.

Omi dúró nínú ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà wa títí kọjá gééètì. Adìẹ kan jáde lábẹ́ mọ́tò ọ̀gá wa. Ó mu omi inú ojú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gbẹ, ó gbé orí sókè kí omi náà lè sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀fun rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dán bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ó kọjá sí èkejì.