Àmì Dúdú Abẹ́ Gìgísẹ̀

Abẹ́rẹ́-ò-sinmi ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó ti maṣíìnì, ọmọ ogún ọdún kò lè bá a sáré. Ó máa ń bọ́ bàtà kó tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà, torí ó ní bàtà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí maṣíìnì ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ya àwòrán awọ ara nílé ìwòsàn wá gba kóòtù funfun tó gbé fún un rán. Fọ́tò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí láti sinmi bó ṣe ń gán an, ni Fọ́tò bá rí àmì dúdú kan lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ rí jákujàku bí aṣọ tí wọn kò tíì ká létí.

Ó béèrè ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Aránṣọ ní ó ti tó ọdún kan, pé aró bàtà ló wọ òun lára. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Fọ́tò kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ní kí ìyá wá lọ́jọ́ kejì kí òun yà á ní àwòrán.

Aránṣọ ní, "Ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ìyàwó ọ̀ṣìngín, kí ló fẹ́ fi fọ́tò ṣe?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá, mà. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Iná lásán ni."

Ó lọ lóòótọ́. Yàrá náà kéré, kọ́tìnnì dúdú bo fèrèsé, bébà funfun wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Fọ́tò fi òróró díẹ̀ pa gìgísẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kékeré tí iná yí ẹnu rẹ̀ ká lé e. Bí awọ ẹsẹ̀ ṣe yọ lójú sikírìnì nìyẹn, ó fẹ̀ bí oko: ebè tò lọ, poro tò lọ. Ìyá náà ní òun ò mọ̀ pé oko lòun ń gbé kiri látọjọ́ yìí.

Fọ́tò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára ohun tó ń wá. Bí àmì abẹ́ ẹsẹ̀ kò bá lẹ́bi, inú poro ni dúdú rẹ̀ sábà máa ń wà. Ti ìyá yìí, orí ebè ló gùn. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà.

Dókítà àgbà, tó ti ń wo awọ ara kí wọ́n tó bí Fọ́tò, fi ojú lásán wo ẹsẹ̀ náà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ni, kí ìyá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Fọ́tò kò gbóhùn sókè, kò sì yẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi wo ibí yìí kí ìyá tó wọ bàtà."

Ó fi àwòrán hàn án. Ó tún gbé ẹ̀rọ kejì wá, èyí tó ń rán ìmọ́lẹ̀ wọ inú awọ láì gé e. Ohun tí kò dára náà hàn kedere, òkè awọ nìkan ló ṣì wà, kò tíì ta gbòǹgbò wọlé. Dókítà wò ó títí. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ojú mi ló tàn mí jẹ," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ níbẹ̀ lónìí ká fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọjọ́ náà lẹ̀rù kọ́kọ́ ba aránṣọ. Nígbà tí èsì dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, jẹjẹrẹ awọ ara ni lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ohun kan ṣoṣo ni aránṣọ béèrè, bóyá òun á tún tẹ pẹ́dà. Fọ́tò dá a lóhùn láì wojú dókítà pé yóò tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n tètè bá a.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Fọ́tò tún gbé kámẹ́rà lé e kí wọ́n lè fa ilà yí àmì náà ká. Aránṣọ rí ilà yẹn, ó pe oníṣẹ́ abẹ.

"Dókítà, ẹ má gé e sún mọ́ ọn jù o. Ẹ fi ààyè ìránpọ̀ sílẹ̀."

Wọ́n fi ààyè sílẹ̀, wọ́n sì fi awọ itan rẹ̀ lẹ ojú ọgbẹ́ náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé etí gbogbo ẹran tí wọ́n gé mọ́ tónítóní, jẹjẹrẹ kò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Láti ìgbà náà, dókítà àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní àmì lábẹ́ ẹsẹ̀ lọ sílé láì kọ́kọ́ yà sí yàrá Fọ́tò.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Abẹ́rẹ́-ò-sinmi padà sídìí maṣíìnì. Ẹsẹ̀ òsì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń já òwú, ó ń bú u. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlélógún ló ti rán, ó sì ti ń béèrè ẹni tó kàn.