Ìlù Oníná fún Ìjà Àtàndá

Ẹ má dá Bùọ̀dá Tájù lóhùn bó bá ní òun nìkan lòun ṣe fíìmù yẹn. Èmi Gàníyátù, àbúrò rẹ̀, ni mo lu ìlù ibẹ̀, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo sì fi lù ú.

Ọdún 1987 ni. Mo ń fi taipuráítà tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Garki nígbà náà, n kì í sì í wo ọwọ́ mi bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí Bùọ̀dá fi gbé ẹ̀rọ ìlù fún mi. Àpótí kékeré kan báyìí ni, bọ́tìnì ló kún orí rẹ̀: èyí ń dún gbìm, èyí ń dún tàì, òmíràn ń dún bí ìgbà tí irin bá já lu irin. Àwọn fíìmù oníjà ti òkè òkun la ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ń lé ara wọn nínú rẹ̀, irú ìlù bẹ́ẹ̀ ló máa ń sáré lábẹ́ wọn, tí àyà ẹni tó ń wòran á máa já. Bùọ̀dá ní dandan ni kí tiwa náà ní i.

Ṣùgbọ́n a ti ya fíìmù wa tán kí ẹ̀rọ náà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré wà lára fíìmù, ìlù tèmi wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo àwọn ìjà inú rẹ̀, tí mo ń to ìlù sí i: ẹ̀ṣẹ́ kan, gbìm kan; ìgbájú kan, tàì kan.

Ẹni tó ń dẹ́rù bà wá ni Bàbá Jàbárù, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, tí wọ́n tọ́ wa dàgbà, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Kuje. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fara da fíìmù yìí, sùúrù wọn sì ti tán.

"Tájù," ni wọ́n wí, "fi han gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará ìlú wa, tó wà níhìn-ín ní Sátidé. Bí wọ́n bá wò ó dópin, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi ẹ́ ṣẹ̀sín, ó di ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ Mọ́ńdè. Fíìmù ti parí nìyẹn."

Bùọ̀dá mi, kó máa wọn aṣọ! Ìbànújẹ́ ni ì bá pa á.

Lẹ́yìn ìrun Àílà la bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Aṣọ dúdú láti ṣọ́ọ̀bù Bàbá la fi dí àwọn fèrèsé, ooru sì mú wa gan-an. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ló ń gbé fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn. Bátìrì ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tèmi ń lò, òun àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó so mọ́ ọn; ẹ̀rọ ìlù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí àwọn òṣèré kọ́kọ́ lé ara wọn, ìlù bá ẹsẹ̀ mu régé, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Inú mi dùn.

Ló bá di ìjà ọjà. Àtàndá, ọ̀rẹ́ Bùọ̀dá tó ń lẹ táyà, ló ṣe akọni. Ó na ẹ̀ṣẹ́, olè ṣubú, olè dìde, kí gbìm tó dún! Ohùn gbogbo wọn tún wá tínrín bíi ti ọmọdé.

"Kai!" ni ẹnì kan pariwo. "Ṣé ìró ẹ̀ṣẹ́ yìí gba Lọ́kọ́jà wá ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá káwọ́ lérí. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò, mo ki wáyà ẹ̀rọ ìlù bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lù ú. Ojú mi ò kúrò lára àwòrán. Àtàndá fo ọgbà: tàì! Ó bọ́ sílẹ̀: gbìm! Bó ti ń sáré ni ìka mi ń sáré. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín tán. Obìnrin kan kígbe pé, "Àtàndá, ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!" Títí fíìmù fi parí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Bàbá Jàbárù wá bá wa. Bùọ̀dá ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdéhùn ni àdéhùn. Mo máa wá ní Mọ́ńdè."

Bàbá nu ojú.

"Ooru ń mú àwọn àgbà," ni wọ́n wí. "Fáànù ò fẹ́ dáadáa. Mo bá jáde, mo yí jẹnẹrétọ̀ yẹn sókè kó lè sáré sí i. Mo rò pé fáànù nìkan ló máa yára."

Ó wá yé mi. Àwòrán ti bá jẹnẹrétọ̀ sáré, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì mi tó ń lo bátìrì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí Bàbá níbẹ̀. Ká ní wọ́n panu mọ́ ni, ọwọ́ wọn ì bá tẹ ohun tí wọ́n ti ń fẹ́ látọdún méjì. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀, omi sì ń dà lójú mi.

Bàbá tẹ̀ ba, wọ́n di Bùọ̀dá mú léjìká.

"Dìde, Tájù. Èmi ni wọ́n fi ṣẹ̀sín."